Aago Dúdú Bàbá Tíṣà

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti igba náírà ni wọ́n ń ta kọ́ńgò ẹ̀wà olóyin kan lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹ má bi mí pé kí ló kan ẹ̀wà nínú ọ̀rọ̀ tẹlifóònù. Ẹ ṣe sùúrù, ẹ̀wà yẹn ló fa gbogbo ẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀hún ò tíì kúrò lọ́kàn mi, kò sì jọ pé ó níbòmíì tó fẹ́ lọ. Títí di òní, tí mo bá gbọ́ tí aago lù, àyà mi á kọ́kọ́ já ná, kí n tó rántí pé ọ̀rọ̀ náà ti tán.

Ìṣẹ̀rí-Ọlọ́fin ni mò ń gbé, ibẹ̀ náà ni mo ti ń ta ike: bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́, kúlà, agbọ̀n ìkáṣọsí. Ìyá Oníke ni wọ́n ń pè mí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ọjà ló kọ́ mi ní ìyókù. Ṣọ́ọ̀bù mi wà níwájú ilé Bàbá Tíṣà, yàrá mi wà lẹ́yìn ẹ̀. Bàbá Tíṣà ni lańlọ́ọ̀dù mi, ará Èkìtì, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ṣì ń bá gbogbo àdúgbò sọ̀rọ̀ bí ẹni pé a wà ní kíláàsì.

Owó ìfẹ̀yìntì tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ fi ń kọ́lé sí Ayọ̀bọ̀, òkú tẹlifóònù ni Bàbá fi ń rà. Mi ò sọ ti fóònù alágbèéká o. Ti ayé àtijọ́ ni mò ń wí, èyí tó wúwo bí ọlọ, tó ní ihò mẹ́wàá lójú bí asẹ́. Èèyàn á ki ìka bọ ihò, á yí i títí dé ibi irin kékeré kan, á tú u sílẹ̀, òun náà á sì máa ké kẹrẹkẹrẹkẹrẹ padà sí ibi tó ti wá. Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n. Káfíńtà ló kan pákó yí pálọ̀ ká, orí ẹ̀ ni wọ́n jókòó sí bí ìgbìmọ̀ tó fẹ́ dá ẹjọ́: pupa, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ mílíìkì, ọ̀kan sì wà tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri, tó ní ọwọ́ tí wọ́n ń yí bíi ti ẹ̀rọ ìlọta. Kò sí ìkankan tó ń dún nínú wọn. Ìyàwó Bàbá ti lọ bá ọmọ wọn lókè òkun láti ọdún tó kọjá. Wọ́n ní ó lọ tọ́jú ọmọ tuntun. Èmi ò sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ pálọ̀ yẹn, mo ní, "Bàbá, fóònù yín mà pọ̀ o."

Bàbá wò mí bí ìgbà tí ọmọ kíláàsì kìíní bá kọ orúkọ ara ẹ̀ sódì. Ó ní, "Fóònù ni èyí tó wà nínú báàgì ẹ yẹn. Àwọn wọ̀nyí, aago ni wọ́n. Kí ni àwọn bàbá wa máa ń wí? Wọ́n ní, tẹ̀ mí láago. Wọ́n ní, mo gba aago láti Ìbàdàn. Aago, Ìyá Oníke!"

"Aago, sà."

"Tún un wí."

"Aago, sà."

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo wí i, èmi ìyá ọmọ mẹ́rin, kí ó tó gbà pé ó ti wọ̀ mí lórí. Ó sì wọ̀ mí lórí lóòótọ́. Láti ọjọ́ yẹn, tí wọ́n bá ti dárúkọ aago nínú ilé yẹn, ojú mi kì í yà síbòmíì, orí pákó tẹlifóònù ló ń lọ tààrà. Ẹ bá mi fi èyí sọ́kàn, nítorí ìwé tí mo kà yẹn ló padà fẹ́ẹ̀ pa mí.

Nínú gbogbo wọn, dúdú kan ni ààyò Bàbá, tó jókòó láàárín, lórí àpótí tiẹ̀ lọ́tọ̀, tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sí abẹ́ ẹ̀. Pósí-ọ́fíìsì ìlú wọn ló ti wá. Bàbá tó bí Bàbá Tíṣà ni akọ̀wé tó ń gbé e nígbà náà, tó ń dá àwọn èèyàn lóhùn. Bàbá náà kú nígbà tí Bàbá Tíṣà wà lọ́mọ ọdún márùn-ún. Kò ya fọ́tò kan rí. Kò sí lẹ́tà, kò sí aṣọ. Ohun kan ṣoṣo tí ọwọ́ ẹ̀ fi sílẹ̀ láyé ni páálí róbótó kékeré kan, tí kò ju ìdérí ìgò lọ, tó wà láàárín àwọn ihò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yẹn, tó fi yíǹkì kọ nọ́ńbà aago náà sí: 34. "Ọwọ́ bàbá mi rèé," ni Bàbá máa ń wí. Á nàka sí i, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí ìka kàn án.

Lọ́sẹ̀ tí mò ń wí yìí, Bàbá lọ ṣe ìpàdé ẹbí ní Adó-Èkìtì, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ pálọ̀ kan sọ́wọ́ mi. Ní Sátidé, àwọn ọmọ iléèwé kan àti tíṣà wọn ń bọ̀ wá wo àwọn aago náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa dìídì wá wo ẹrù yẹn láìjẹ́ pé ó wá sanwó ilé. Kí Bàbá tó lọ, ó gbá ilẹ̀ pálọ̀ fúnra ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Láàárọ̀ Jímọ̀, mo wà níwájú oníẹ̀wà ní Ìkọ̀tún, à ń jà. Mo mú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún, mo di igba náírà mọ́ inú ọwọ́ òsì, nítorí mo ti pinnu pé tọwọ́ òsì ò ní kúrò lọ́wọ́ mi.

Oníẹ̀wà ní, "Ìyá, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti igba ni. Mi ò lè yọ kọ́bọ̀."

"Ṣé ìwọ lo bí ẹ̀wà yẹn ni? Wo kòkòrò tó ń na ẹsẹ̀ nínú ẹ̀."

"Kò sí kòkòrò níbẹ̀ jàre."

"Tó o bá fẹ́, màá fà á jáde kó kí ẹ."

Ibẹ̀ la wà tí Bàbá pè mí. Mo fi fóònù há èjìká àti etí, oníẹ̀wà ń pariwo sí etí kejì.

"Ìyá Oníke, ọkùnrin kan ń bọ̀ wá gba aago dúdú tó wà ní pálọ̀. Fún un. Ó máa bá mi tún un ṣe kó tó di ọ̀la."

"Olè ni ẹ́!" ni mo wí fún oníẹ̀wà.

"Kí lo wí?"

"Kì í ṣe ẹ̀yin, sà! Aago dúdú. Mo ti gbọ́, sà."

"Èyí tó wà lókè ẹnu..."

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Ó yẹ kí n pè é padà. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà yẹn gan-an ni oníẹ̀wà mí kanlẹ̀, tó ní, "Ó dáa, ẹ mú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta wá, ẹ máa lọ, ẹ ti bà mí lọ́jọ́ jẹ́." Èèyàn wo ló máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ dídùn yẹn tó máa máa pe lańlọ́ọ̀dù? Mo sanwó, mo sì ki igba náírà mi bọ inú kọ́mú. Owó tuntun ni, kò tíì ká rárá. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ.

Kò pẹ́ tí mo délé tí ọlọ́kadà kan fi dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Wọ́n ní kí n wá gba aago."

"Ta ló rán ẹ?"

"Àlàájì Aláago, ní Ẹgbẹ́dá."

Orúkọ náà bá ọ̀rọ̀ mu lójú mi. Aláago, tó ń tún aago ṣe. Mo sì ti rí i pé aago dúdú yẹn máa ń há tí wọ́n bá yí i dé nọ́ńbà mẹ́jọ, nítorí náà mo ní Bàbá fẹ́ kó yí dáadáa kí àwọn ọmọ iléèwé tó dé. Mo ká wáyà ẹ̀ jẹ́jẹ́, mo fi ìró mi wé e, mo gbé e sínú páálí tí wọ́n fi ń kó abọ́ wá fún mi, mo dì í lókùn ọ̀nà mẹ́rin. Mo sọ fún ọlọ́kadà náà pé, "Tí èyí bá já bọ́ lọ́nà, ìwọ náà má dìde mọ́." Mo padà sídìí ike mi. Mo se ẹ̀wà. Ọkàn mi balẹ̀, ojú ń tì mí láti sọ ọ́.

Ó kù díẹ̀ kí agogo kan ọ̀sán lù nígbà tí Bàbá tún pè, mo sì wà ní pálọ̀ nígbà náà, mò ń nu eruku.

"Mo ti wọ Ìbàdàn. Ṣé ọkùnrin yẹn ti gbé e lọ?"

"Ó ti gbé e tipẹ́, sà. Mo fi ìró wé e, mo ká wáyà ẹ̀ dáadáa."

"Wáyà? Wáyà wo ni aago ara ògiri ní?"

Mo gbójú sókè. Lókè ẹnu ọ̀nà pálọ̀, aago ńlá kan wà níbẹ̀, ti onípákó dúdú, irú èyí tó ń lù gbọ̀ọ̀n-gbọ̀ọ̀n tí wákàtí bá pé. Ó ti kú kí n tó kó dé ilé yẹn. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń gba abẹ́ ẹ̀ kọjá, mi ò gbójú wò ó rí. Ó dúró sórí mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sì ń wò mí.

"Ìyá Oníke?"

"Sà?"

"Wáyà wo?"

"Okùn ni mo wí, sà. Okùn tí mo fi dì í."

"Ó dáa. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àpótí àárín o."

"Háà! Ta ló jẹ́ dán an wò, sà?" Àpótí àárín wà níwájú mi, òun àti aṣọ funfun orí ẹ̀ nìkan.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣírò. Láti Ìbàdàn dé Ìṣẹ̀rí, tí ọkọ̀ bá ṣe dáadáa, kò ju wákàtí mẹ́rin lọ. Mo ti purọ́ pé aago ògiri ti lọ. Mo wá rò ó pé tí mo bá gbé e lọ báyìí, irọ́ náà á di òótọ́, á ku kìkì kí n gba tẹlifóònù padà. Ẹ wo ọgbọ́n! Mo gun àga, mo yọ aago náà, mo gbé e sí abíyá, mo jáde. Mo ti dé ìdajì ọ̀nà Ẹgbẹ́dá lórí ọ̀kadà kí n tó rí i pé sálúbàtà ẹsẹ̀ mi kan pupa, èkejì búlúù.

Ṣọ́ọ̀bù Àlàájì Aláago tì pa. Jímọ̀ ni, Àlàájì ti lọ kírun. Mo jókòó sórí àkàsọ̀ níwájú ẹ̀, mo gbé aago lé itan. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń rò pé mo wà níbẹ̀ fún ire ìlú.

Ọkùnrin kan ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Ìyá, aago mélòó ló lù?"

"Mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Ó wo oòrùn, ó wò mí, ó wo sálúbàtà mi, ó rọra bá tiẹ̀ lọ.

Nígbà tí Àlàájì fi máa dé, tòun ti ẹní ìkírun, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Mi ò rántí kí i.

"Àlàájì, ẹrù mi dà?"

"Ẹrù wo, Ìyá?"

"Aago dúdú!"

"Ẹ gbé e dání nìyẹn."

"Kì í ṣe èyí! Èkejì!"

Àlàájì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀ẹ́n-ẹ́n, tẹlifóònù yẹn! Mo tú páálí, mo pe Bàbá títí, kò wọlé. Mo wá rántí àwọn eléré tí mo máa ń fi aago àtijọ́ háyà fún. Wọ́n ti ń wá irú ẹ̀ látọjọ́ yìí, èmi náà ti bẹ Bàbá nígbà kan, ó ní àfi tí òun bá kú. Mo ní bóyá ó ti yí ọkàn padà. Mo ti fi ránṣẹ́ sí wọn ní Ayọ̀bọ̀."

"Ní Ayọ̀bọ̀?"

"Kí ẹ tètè lọ o, torí wọ́n ní àwọn ń kó ẹrù lọ sí Abẹ́òkúta nírọ̀lẹ́ òní."

Mo ti gun ọ̀kadà míì kí ó tó parí ọ̀rọ̀. A ti kọjá Ìpájà kí n tó rí i pé aago ògiri ṣì wà ní abíyá mi. Ìdí tí mo fi gbé e jáde nílé gan-an, mo gbàgbé. Ọ̀nà Ayọ̀bọ̀ wá gbà wá lálejò: a bọ́ sí kòtò, a jáde, a bọ́ sí òmíràn tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí lù kì-kì-kì-kì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà mi. Mo ní àyà mi nìyẹn. Mo ní, Olúwa, má jẹ́ kí n kú kí n tó rí tẹlifóònù yẹn, torí wọ́n á sọ pé mo jí i ni mo ṣe kú.

Ilé tuntun kan ni àwọn eléré náà wà. Ọkùnrin ẹnu géètì ní mi ò lè wọlé, pé wọ́n ń yàwòrán. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí bú u nígbà tí ojú ẹ̀ ṣalábàápàdé ohun tó wà lábẹ́ apá mi.

"Ṣé Àlàájì Aláago ló ní kí ẹ gbé ìyẹn wá?"

"Òun mà ni," ni mo wí, mo sì wọlé bí ẹni tó ni fíìmù.

Nínú pálọ̀ wọn, iná funfun ń jó ojú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lórí àga, ó wọ ṣòkòtò pénpé àti ìbọ̀sẹ̀ tó dé orúnkún bíi ti akọ̀wé àtijọ́. Iwájú ẹ̀ ni aago dúdú Bàbá wà. Gbogbo ìka márààrún ni ọmọ yìí fi ń gún àwọn ihò yẹn, gbá-gbá-gbá, bí ẹni tó fẹ́ gba owó ní báńkì.

"Hẹ́lóò, Adérónkẹ́," ó ń sunkún, "mo ti pàdánù ohun gbogbo..."

"Ìwọ kọ́, èmi ni!" ni mo pariwo. "Gbé e sílẹ̀! Gbé e sílẹ̀ kí n tó gbé ẹ!"

Dìrẹ́kítọ̀ wọn dìde, ọkùnrin ṣókí kan tó dé fìlà sẹ́yìn. Ó bi àwọn èèyàn ẹ̀ pé, "Màmá yìí, ṣé ó wà nínú eré ni?" Wọ́n ní rárá. Ó ní, "Ó dùn mí, torí òun nìkan ló ṣe dáadáa látàárọ̀."

Mo kúnlẹ̀. Mo ṣàlàyé. Ó ní òun gbọ́, pé ìran kan ṣoṣo ló kù tí òun fẹ́ fi tẹlifóònù náà yà, pé látàárọ̀ ni àwọn ti wà lórí ẹ̀ torí ọmọ náà ò mọ bí wọ́n ṣe ń pe nọ́ńbà, àwọn náà ò sì mọ̀ ọ́n. Pé tó bá ti yege, kí n gbé ẹrù mi.

Mo wo ìta. Oòrùn ti ń rọ̀. Mo fi aago ògiri sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo lọ bá ọmọ náà.

"Ki ìka kan bọ̀ ọ́. Ẹyọ kan ni mo ní! Yí i. Títí dé ibi irin. Tú u sílẹ̀. Má bá a padà, òun fúnra ẹ̀ mọ ọ̀nà ilé."

"Báyìí, mà?"

"Tún un ṣe."

"Báyìí?"

"Tún un ṣe!"

Ohùn Bàbá Tíṣà ló ń jáde lẹ́nu mi, ẹ̀rù ohùn náà sì bà mí. Nígbà tí ọmọ náà mọ̀ ọ́n, wọ́n tan kámẹ́rà. Ó yí nọ́ńbà, ó rẹwà. Ó gbé e sétí. Omijé gidi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní, "Adérónkẹ́..."

*Gbọ̀ọ̀n!*

Gbogbo ojú yí sí mi. *Gbọ̀ọ̀n!* Aago tó ti kú láti ọdún mẹ́ta ló jí dìde lẹ́sẹ̀ mi, tó ń lù, tí kò sì sẹ́ni tó lè dá a dúró. Márùn-ún ló lù, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìsinmi ẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe àyà mi ló ń lù lórí ọ̀kadà.

Ẹ jẹ́ kí n fo ohun tí dìrẹ́kítọ̀ sọ. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ló gbà lọ́wọ́ mi, ó ní owó epo jẹnẹrétọ̀ tí mo fi ṣòfò ni. Wọ́n fi tìmùtìmù mẹ́ta bo aago náà mọ́lẹ̀ bí ọ̀daràn kí wọ́n tó tún un yà. Nígbà tó yege, mo gba tẹlifóònù, mo wò ó láàárín, mo rí i pé wọ́n ti lẹ nọ́ńbà míì tí wọ́n fi báírò kọ lé orí nọ́ńbà bàbá Bàbá. Mo rọra fi èékánná ṣí i. Ó ṣí. Irin wínníwínní tó di páálí mú náà ṣí. Páálí jáde, fáànù ńlá tí wọ́n fi ń fẹ́ ọmọ eléré yẹn gbà á lọ́wọ́ mi, ó fò.

"Ẹnikẹ́ni má gbẹ́sẹ̀!"

Akọ̀wé àtijọ́, aláwòrán, ẹni tó ń kunni ní pọ́ńdà, gbogbo wa la wà lórí orúnkún tá à ń fọwọ́ wá ilẹ̀. Abẹ́ bàtà dìrẹ́kítọ̀ ló wà, ọpẹ́lọpẹ́ pé òun ò gbẹ́sẹ̀. 34 ṣì wà lójú ẹ̀. Mi ò lè fi í sápò, báàgì mi ò ní síìpù, afẹ́fẹ́ wà lọ́nà. Ibi kan ṣoṣo wà tí ohun mi kì í ti í sọ nù. Mo ki í bọ inú kọ́mú, ó fẹ̀gbẹ́ kan igba náírà mi.

Bí mo ṣe padà sílé nìyẹn: tẹlifóònù lórí itan, aago lábẹ́ apá, ẹ̀rù níbi gbogbo tó kù. Mo làágùn bí ẹni tí wọ́n da omi lé. Nítòsí Ẹgbẹ́dá, fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí dún nínú báàgì. Mo mọ ẹni tó ń pè.

Ọlọ́kadà bojú wẹ̀yìn, ó wo itan mi. "Ìyá, ẹ gbé e. Tẹlifóònù yín ń dún."

"Wo iwájú ẹ!"

Bàbá ti dé. Ó jókòó sí pálọ̀, báàgì ìrìn àjò ṣì wà léjìká ẹ̀, ó ń wo àpótí àárín. Kò pariwo. Tó bá pariwo, ì bá san. Ó kàn sọ jẹ́jẹ́ pé, "Mo ní àwọn olè ló wá."

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo tún rántí, mo kúnlẹ̀. Mo ro gbogbo ẹ̀ láti orí ẹ̀wà. Bàbá ń gbọ́, ó gba tẹlifóònù, ó ń fọwọ́ pa á lórí bí ọmọ tó ṣubú. Ọwọ́ ẹ̀ wá dé àárín, ó dúró.

"Páálí ẹ̀ dà?"

"Ó wà, sà."

"Níbo?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọjú sí ògiri, sà."

"Kí ni?"

"Ẹ bá mi kọjú sí ògiri, sà. Ẹ má bínú."

Tíṣà àgbà kọjú sí ògiri nínú pálọ̀ ara ẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ. Mo fa nǹkan náà jáde, pẹ̀lú igba náírà tó lẹ̀ mọ́ ọn lójú. Páálí náà ti tutù rinrin. Mo wò ó, ilẹ̀ ò lanu. Yíǹkì náà ti lọ. Ó ku òjìji búlúù kan tó ràn lójú páálí bí ibi tí wọ́n ti nu omi. Òógùn mi ti fọ̀ ọ́.

Bàbá yíjú padà, ó gbà á. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́ ní gbogbo Ìṣẹ̀rí, ẹkún ni mò ń sun. Mo wá aṣọ tí mo máa fi nu ojú, mi ò rí, mo na ọwọ́ sí igba náírà tó wà lọ́wọ́ mi. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Ní ibi tí owó náà ti funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nǹkan búlúù kan wà níbẹ̀, ó mọ́ kedere, ṣùgbọ́n kò jọ nọ́ńbà tí mo mọ̀.

"Bàbá, ẹ wo èyí, sà."

Bàbá gbà á. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Lójijì ó dìde, ó rìn lọ sí iwájú dígí tó wà ní kọ́rídọ̀, ó na owó náà sí i. Mo tẹ̀ lé e. Nínú dígí, 34 dúró ṣánṣán, kò sọ irun kan nù.

"Ẹsẹ̀ nọ́ńbà mẹ́rin yẹn," Bàbá ní. Ohùn ẹ̀ ti yí padà. "Wo bó ṣe fà á gùn. Bàbá mi nìkan ló ń fà á gùn báyẹn."

A dúró níbẹ̀. Aago ògiri tí mo gbé sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bá tún lù gbọ̀ọ̀n, àwa méjèèjì sì fò sókè.

"Ta ló tún un ṣe?" ni Bàbá bi mí.

"Ọ̀nà Ayọ̀bọ̀ ni, sà."

Ìgbà yẹn ni Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kọ́rídọ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀rín nínú ẹ̀ àti èyí tí kì í ṣe ẹ̀rín. Ó ní ẹjọ́ òun náà wà níbẹ̀, pé òun ló kọ́ mi ní aago kan, tó wá rán mi ní aago míì.

Àwọn ọmọ iléèwé dé ní Sátidé. Mẹ́tàdínlógún ni tẹlifóònù tí Bàbá tò, ṣùgbọ́n iwájú dígí ni gbogbo wọn kóra jọ sí, wọ́n ń tira wọn, kálukú fẹ́ ka 34. Bàbá sì pè mí láti ṣọ́ọ̀bù pé kí n wá sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo sọ ọ́, mo fo ọ̀rọ̀ kọ́mú. Ọmọbìnrin kan ní, "Mà, báwo ni owó àti páálí ṣe wá fara kanra?" Mo ní kó lọ bi tíṣà ẹ̀.

Ohun tí mo kọ́ kò pọ̀. Mo kọ́ pé tí èèyàn bá ń bá mi sọ̀rọ̀, kí n fi oníẹ̀wà sílẹ̀. Mo kọ́ láti béèrè. Ní báyìí, tí Bàbá bá ti pe aago, màá ní, "Èwo, sà? Èyí tó ń lù àbí èyí tí wọ́n ń yí?" Á wò mí, á mi orí, àwa méjèèjì á sì bú sẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tèmi máa ń korò díẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Ẹ̀wà yẹn náà, nígbà tí mo fi máa rántí ẹ̀, ó ti kan. Kòkòrò sì wà nínú ẹ̀ lóòótọ́.

Bàbá ti fi gíláàsì bo igba náírà mi, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ aago dúdú lórí àpótí àárín, ó gbé dígí kékeré kan kọjú sí i. Lọ́jọ́ kan mo ní, "Bàbá, owó mi ńkọ́?" Ó ní, "Kà á fún mi, kí ni wọ́n kọ sára ẹ̀?" Mo ní, "34, sà." Ó ní, "Ta ló kọ ọ́?" Mo padà sídìí ike mi. Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ni ọ̀kadà àti dìrẹ́kítọ̀ pín lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn. Ẹ wá bá mi fi èyí tó wà lábẹ́ gíláàsì lé e, èyí tí mo fi gbogbo ẹnu mi gbà lọ́wọ́ oníẹ̀wà: ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá àti igba náírà.